Àmín Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ

Èmi Adétúnbọ̀ ni mo fi àmín ṣe jìbìtì. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí Dagenham tí a ń gbé nílùú òyìnbó níbí kò tóbi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ á ti dé ilé gbogbo wa kó tó di alẹ́. Kò sí àìsàn kankan lára mi, kò sí ọlọ́pàá tó ń wá mi, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi lọ́rùn pé kí n sọ ọ́. Ara mi le, iṣẹ́ mi ń lọ, orí mi pé. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde nítorí pé obìnrin kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ibi tí mo ṣe sí i. N kò ní fi òwe bo nǹkan kan mọ́lẹ̀, n kò sì ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èṣù kò mọ kọ̀ǹpútà tó mi.

Ìjọ Aládùúrà wa wà nítòsí Becontree Heath, nínú gbọ̀ngàn kan tí a ń bá àwọn tó ń kọ́ ọmọdé níjó pín lò. Wòlíì Olúbọ̀dé ni olórí wa. Lọ́dọọdún ni ìjọ máa ń yan ẹnì kan tí yóò tẹ̀lé Wòlíì lọ sí òkè àdúrà nílé ní Nàìjíríà, ìjọ ló sì ń san owó ìrìnnà ẹni náà. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí kò tíì fojú kan ilé láti ìgbà tó ti di ará òtútù. Ìjà ọdọọdún ni. Wòlíì wá ní kí a máa ṣẹ́ kèké bí àwọn àpọ́sítélì ti ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò Júdásì. A ká bébà sínú abọ́, ìjà tún dé. Wọ́n ní ẹnì kan ká tirẹ̀ le ju ti àwọn yòókù lọ kí ọwọ́ lè tètè bà á. Ibẹ̀ ni mo ti dìde nínú sùtánà mi funfun báláú, tí mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nílùú yìí nìyí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà tí á máa ṣẹ́ kèké fún wa. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn ìpàtẹ́wọ́, kí ẹ mọ ìyẹn nípa mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ètò náà díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fi ìka tẹ àwòrán lójú rẹ̀. Ojú dúdú lásán ni. Ẹ ó tẹ orúkọ ètò náà, tí í ṣe keke, ẹ ó fi àlàfo sí i, ẹ ó wá máa tẹ orúkọ àwọn ènìyàn tẹ̀lé e lórí ìlà kan náà, àlàfo láàrin wọn. Bí ẹ bá ti ní kó ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ orí ìlà yẹn lé ètò lọ́wọ́, iye wọn àti àwọn fúnra wọn, bí wọ́n ṣe tò. Òdo ni àwa tí a ń kọ ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni ẹni òdo, torí orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ ti àlejò. Ẹni tí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ni ẹni kìíní. Ètò yóò wá ṣàdédé mú nọ́ńbà kan, yóò sì pe ẹni tí nọ́ńbà náà bá bọ́ sí. Ó tán. Ọmọ ilé-ìwé lè kọ ọ́. Àmọ́ èdè tí a fi ń kọ ètò, ènìyàn lè kà á. Bí a bá ti yí i padà di èdè ẹ̀rọ, ó di àkàrà tó ti jiná. Ta ló lè wo àkàrà kó mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ẹ̀wà? Àkàrà ni mo gbé fún ìjọ. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi nílé.

Mìdé, akọ̀wé ìjọ, ni a yàn láti máa tẹ orúkọ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, ó tẹ Baba Tubosun, ó tẹ Mama Olufolake, ó tẹ àwọn mìíràn, ètò náà sì kéde pé ẹni tí kèké mú ni Baba. Gbogbo bàbá tó wà níbẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ní òun ni, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo ṣàlàyé fún Mìdé pé àlàfo ló fà á: lójú ètò, Baba jẹ́ ẹnì kan, Tubosun jẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní kó yọ Baba kúrò. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ra síhòòhò. "Èmi? Kí n pe Bàbá Túbọ̀sún ní Túbọ̀sún lásánlàsàn? Brọ́dà Túnbọ̀, please, don't put me in trouble. Ilé ire ni wọ́n ti bí mi o." N kò lè bá a jiyàn. Mo kọ́ ọ kó máa fi ìlà kékeré so oyè mọ́ orúkọ kí méjèèjì lè di ọ̀rọ̀ kan. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo rí i pé àwọn àgbà ló ń kọ́kọ́ tẹ̀, tó sì ń fi ẹni tó dé ìjọ gbẹ̀yìn sí ìparí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Bàbá Túbọ̀sún yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Òun ló gbà mí sílé ní Goresbrook nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ kèké, ó pè mí sínú mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Túnbọ̀, ọmọ mi, mo ti ń darúgbó. Ilé tí mo kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo fẹ́ fojú kàn án kí àwọn ọmọ àbúrò mi tó sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ̀rọ ẹ yẹn, ṣé ó mọ oore?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àmọ́ ọmọlúàbí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ bí irú rẹ̀.

Mo délé, mo ṣí ètò náà, mo ń wá ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fi ṣe àmì, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí lójú kọ̀ǹpútà tí kò ní fura. Àmín ló wá sí mi lọ́kàn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lórí ìlà bá ti jẹ́ amin, kí ètò má ṣe mú nọ́ńbà kankan, kó kàn pe ẹni kìíní. Bí kò bá sí amin níbẹ̀, kó ṣẹ́ kèké òtítọ́. Ìlà mélòó kan péré ni. Mo yí i padà di èdè ẹ̀rọ, mo dán an wò, ó ṣiṣẹ́ kíákíá, mo fi rọ́pò èyí tí mo ti gbé fún ìjọ tẹ́lẹ̀, mo sì gbóríyìn fún ara mi. Èmi tí wọ́n bí sínú ìjọ, tí ìyá mi fi omi àdúrà wẹ̀ fún, mo mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń ti àdúrà lẹ́yìn, mo sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́ olè.

Lọ́jọ́ kèké, mo ní kí Mìdé jẹ́ kí n fúnra mi tẹ̀ ẹ́, kí àlàfo má bàa tún dà wá láàmú. Mo fi Bàbá Túbọ̀sún ṣáájú, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, òun ló dàgbà jù. Mo tẹ àwọn yòókù. Mo tẹ amin. Kèké mú Bàbá, ìjọ hó yèè, Bàbá sì dojúbolẹ̀ níwájú pẹpẹ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mìdé fọwọ́ tọ́ mi. "Brọ́dà Túnbọ̀, àmín tí ẹ tẹ̀ sí ìparí yẹn ńkọ́?" Irọ́ ti wà lẹ́nu mi kó tó béèrè tán. Mo ní, "Àdúrà la fi bẹ̀rẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àmín la fi ń parí ẹ̀. Ẹ̀rọ ò ka ìyẹn sí." Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ah, that's so nice." Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó. Mo mọ èdè ẹ̀rọ, mo gbàgbé ìwà àwọn ènìyàn mi. Aládùúrà wo ló máa rí ibi tí àmín tọ́ sí, tí kò ní ṣe é? Láti ọjọ́ náà, Mìdé kò tẹ orúkọ láìfi amin parí rẹ̀ mọ́, tọkàntọkàn ló sì fi ń tẹ̀ ẹ́.

N kò mọ̀ títí ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo kèké fún ohun gbogbo. Ta ni yóò ka Bíbélì? Ẹ bi kèké. Ta ni yóò gbé àsíá? Ẹ bi kèké. Ní ọjọ́ kan wọ́n ní ta ni yóò fọ ilé ìyàgbẹ́ gbọ̀ngàn, kèké sì mú Bàbá Túbọ̀sún. Ó tún mú un lọ́sẹ̀ kejì. Bàbá pè mí lórí fóònù. "Túnbọ̀! Kí lẹ̀rọ ẹ ń ṣe? Mo ní kó mọ oore, mi ò ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìgbà tí mo wá wo ọwọ́ Mìdé lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, tí mo rí i tó fi amin parí ìlà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo sọ fún Bàbá pé màá tún un ṣe. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Bí o bá fọwọ́ kàn án wọ́n á bi ọ́ ìdí. Èmi á ní kí Mìdé máa yọ orúkọ mi nínú ti ilé ìyàgbẹ́." Iṣẹ́ tí mo lè ṣe kí omi tó hó ni àtúnṣe náà. N kò ṣe é. Mo ń sọ fún ara mi pé ta ló pa lára? Àwọn àgbà ń gba ipò àgbà, kí ló burú níbẹ̀? Ká sòótọ́, ó tún ń dùn mọ́ mi pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ẹni tó pa lára ni Ìyá Kúnmi. Magdalene ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìjọ, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, Upney ló ń gbé pẹ̀lú Kúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà ní yunifásítì. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Òun ló dé ìjọ wa gbẹ̀yìn, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn nígbà gbogbo. Ní ọdún tó tẹ̀lé ti Bàbá Túbọ̀sún, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń to àga. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi, ẹ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Brọ́dà Túnbọ̀, ṣé ẹ̀rọ yín máa ń gbọ́ àdúrà?" Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Màmá mi ni. Ìgbàgbé ti mú wọn. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ gbogbo ọmọ wọn, wọ́n ti gbàgbé orúkọ bàbá wa. Wúràọlá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Èmi ni Wúràọlá. Mo fẹ́ dé'bẹ̀ kí wọ́n tó gbàgbé tèmi náà. Mo ti ń gbààwẹ̀ sí i." Mo wo ojú rẹ̀, mo dáhùn gbọnmọ-gbọnmọ, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ma. Ẹ̀rọ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí Ọlọ́run bá ti wí ló máa ṣe."

Lọ́jọ́ kèké, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mìdé gan-an. Bàbá Túbọ̀sún ti lọ ní tirẹ̀, nítorí náà Màmá Olúfọlákẹ́ ni Mìdé kọ́kọ́ tẹ̀, ìyá àgbà inú ìjọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sanwó fún láti lọ sílé lọ́dọọdún. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó tẹ Sister-Magdalene kẹ́yìn. Ó fi àlàfo sí i. Mo rí lẹ́tà a, mo rí m. Ká ní mo ní "Dúró" ni. Ká ní mo ṣe bí ẹni da omi sórí ẹ̀rọ náà. Mo ká ọwọ́ mi sí itan, mo ń wò ó. Kèké mú Màmá Olúfọlákẹ́. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Kúnmi tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ì bá má le, bí kò bá jẹ́ ohun tó tẹ̀lé e. Kúnmi àti àwọn ẹbí wọn kan ní Barking kó ara wọn jọ, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá rẹ̀. Ìyá Kúnmi kọ̀ ọ́. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ti dáhùn níwájú gbogbo ìjọ pé òun kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́dún yìí, òun kò lè fi owó ènìyàn yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, ó ń sọ ọ́ fún Wòlíì, Wòlíì sì ń yìn ín fún ìgbàgbọ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀ o! Ọ̀nà là sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu mi ì bá gbé obìnrin yìí dé Ìkọ̀lé. Mo gbé àga lórí àga, mo jáde.

Ọmọ tó mọ nǹkan kì í pamọ́. Kúnmi lọ bá Mìdé lẹ́yìn ìdánrawò àwọn akọrin, ó ní kó jẹ́ kí òun fi kèké náà ṣeré. Bí Mìdé ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìyá rẹ̀ ṣáájú, kèké mú ìyá rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ ṣáájú, ó mú òun. Ó bá mi ní ibùdókọ̀ Becontree Heath. "Bro Túnbọ̀, no disrespect, yeah? But it picks the first name. Every time. Ẹ jọ̀ọ́, can I see the code?" Mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ ti bàjẹ́. Nígbà tí mo délé, mo pa ẹ̀wà rẹ́ pátápátá, kó má bàa sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà. Kúnmi sọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀ pé ọmọ òun ń bú Ẹ̀mí Mímọ́, ló bá fà á lọ bá Wòlíì pé kó bá òun bá a wí. Wòlíì sì ránṣẹ́ pè mí.

Ibi tí mo ti burú jù lọ nìyí. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá Wòlíì. Mìdé wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wòlíì ní, "Túnbọ̀, tẹ̀ ẹ́ ká rí i." Mo tẹ orúkọ, mo fi Sister-Magdalene ṣáájú gan-an bí Kúnmi ti ní kí n ṣe. N kò tẹ amin. Kèké mú ẹlòmíràn. Mo tún un tẹ̀, ó tún mú ẹlòmíràn. Ojú Kúnmi ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà. "No. No, wait, that's not what it did. Let me type it." Mo mọ̀ pé bó bá tẹ̀ ẹ́, àmín á jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mo pa ẹ̀rọ náà dé. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ dán Ọlọ́run wò ni?" Wòlíì gbé Bíbélì síwájú mi, ó ní kí n sọ bóyá nǹkan kan wà nínú ètò náà tí ìjọ kò mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá." Ìyá Kúnmi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n." Ọmọ náà wò mí tààrà, ó sì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sir." Èmi, olè, mo dáhùn pé, "Ọlọ́run á dárí jì ẹ́." Kò padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ náà.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó ṣe irú èyí kò ní rí oorun sùn. Mo sùn. Mo jẹun, mo ṣiṣẹ́, wọ́n tilẹ̀ gbé mi ga níbi iṣẹ́. Ohun tó fọ́ mi ni ọpẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn kan, Ìyá Kúnmi wà nínú kíṣìnì gbọ̀ngàn, ó ń fọ abọ́, fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì ń gbọ́ ohùn arúgbó náà. "Ìwọ ta ni?" "Èmi ni, Màmá. Wúràọlá." "Ta ní ń jẹ́ Wúràọlá?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pa fóònù, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Brọ́dà Túnbọ̀, ẹ ṣé o. Ọlọ́run mọ̀ pé wọn ò ní dá mi mọ̀, ìyẹn ló ṣe fi ẹ̀rọ yín dá mi dúró. Ó ṣàánú mi, kò jẹ́ kí n lọ fojú rí i." Mo fẹ́ sọ fún un pé nígbà tí kèké yẹn kọ̀ ọ́, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìyá rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bọ́ síta, mo di ọgbà mú, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sílé wọn ní Upney. Kúnmi ló ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti ìyá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: mọ́tò Bàbá Túbọ̀sún, ẹni kìíní, àmín, Bíbélì. Mo gbé ẹ̀rọ wá, mo fi hàn wọ́n pẹ̀lú àmín àti láìsí àmín. Nígbà tí mo parí, Ìyá Kúnmi bi mí pé, "Ṣé Ọlọ́run ò wá kọ̀ mí?" Mo ní, "Rárá, Ma. Ọlọ́run ò sí nínú ẹ̀ rárá. Èmi ni mo kọ̀ yín." Ó mi orí. "Ìwọ," ló wí. Kò pè mí ní ìwọ rí. "Ìwọ Túnbọ̀. Ọdún gbáko ni mo fi ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ Ọlọ́run tó fi lé mi padà. Mo wá a nínú ara mi, mo wá a nínú ọmọ mi. Èmi ni mo ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ fún ọ!" Ìgbà yẹn ni omijé rẹ̀ tó jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Kúnmi. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. "Please get up, Bro Túnbọ̀. I don't want it." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo sọ ọ́ fún ìjọ náà. Wòlíì gba sùtánà lọ́rùn mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Túbọ̀sún dìde, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ló sọ, n kò bá a jiyàn. Ẹkún Mìdé ló dùn mí jù níbẹ̀, torí ó ń tún un sọ pé òun fi ọkàn òun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti padà sí bébà inú abọ́, ìjà sì ti padà. Ìyá Kúnmi ti wà ní Ìkọ̀lé báyìí. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ló ń pè é. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ti dárí jì mí, pé kí n má bẹ òun mọ́, kí n wá iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ètò, ẹ gbọ́ tèmi, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn tó ń lo iṣẹ́ ọwọ́ yín kò lè rí inú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin ni wọ́n ń gbà gbọ́. Bí ẹ bá fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ kò mọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé, ẹ kò sì mọ ẹni tí yóò kú síta.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ̀yin àgbà ìjọ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó ara yín lọ sí Upney láti bá mi bẹ Kúnmi. Mo mọ bí ẹ̀bẹ̀ àgbà ṣe máa ń rí: ẹ ó jókòó, ẹ ó ní nítorí ewú orí yín, ẹ ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé, ọmọ náà kò sì ní lè ṣe ju kó ní òun ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. A ti fi ipá mú un kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fẹ́ dárí jì mí, ó mọ ilé mi. Bí kò bá sì fẹ́, ẹ fi sílẹ̀ kó bínú.